Ìgbẹ́ Ẹlẹ́jẹ̀ Tí Kì í Ṣe Ìgbẹ́ Ọ̀rìn: Ìtàn Ìwádìí Àrùn IBD ní Accra

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ ènìyàn jáde ní Accra, kooko ni ọ̀pọ̀ ará ilé máa kọ́kọ́ pè é. Ní Èkó, jẹ̀díjẹ̀dí ni, ṣúgà ni wọ́n sì máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Àti kooko àti jẹ̀díjẹ̀dí ló ní àgbo tiwọn: ti inú ìgò, ti inú ọ̀rá, èyí tí wọ́n ń polówó lórí rédíò àti èyí tí wọ́n ń kiri nínú ọkọ̀. Bí àgbo kò bá ràn án, wọ́n á ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ni, wọ́n á ra Flagyl. Ìgbà tí oṣù bá ti gorí oṣù, tí ara ti fọn, tí ẹni náà kò lè wọ ọkọ̀ trotro mọ́ nítorí pé kò mọ ìgbà tí ìgbẹ́ máa gbọ̀n ọ́n, ni àwọn kan máa ń tó dé ilé ìwòsàn Korle Bu. Láàárín àwọn wọ̀nyẹn ni àwọn dókítà ti ń rí àrùn tí wọ́n ń pè ní IBD.

Ìfun wíwú tí kì í tán bọ̀rọ̀ ni àrùn yìí. Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀ nínú rẹ̀. Ulcerative colitis, tí mo máa pè ní ọgbẹ́ ìfun ńlá láti ìsinsìnyí lọ, máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, á sì máa gòkè lọ láìfo ibì kankan. Àrùn Crohn lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ìdí. Á fo ibì kan, á mú òmíràn, á sì jẹ ògiri ìfun wọlé débi tí ìfun á fi dí tàbí kí ó lu. Nínú méjèèjì, agbára tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò ló kọjú sí ìfun fúnra rẹ̀. Ó máa ń rọlẹ̀, ó máa ń padà wá. Ọ̀dọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú, ẹni tó bá sì mú, ó ṣeé ṣe kí ó bá a darúgbó.

Ní 1859 ni Samuel Wilks ti Guy's Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé nípa ìfun obìnrin kan tó kú, tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ kò jọ ti ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ní 1913, Thomas Kennedy Dalziel, oníṣẹ́ abẹ kan ní Glasgow, ṣàlàyé àwọn aláìsàn tí ìfun wọn wú tó sì le, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ta létí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún 1932 ni Burrill Crohn, Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer ti Mount Sinai Hospital ní New York tẹ ìròyìn jáde lórí aláìsàn 14. Crohn ló ṣáájú bí a bá to orúkọ wọn ní ABD, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà.

Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ní 1933, dókítà obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Accra, Cicely Williams, kọ ìròyìn tó mú kí gbogbo ayé mọ kwashiorkor. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ojú tó ń wò dáadáa kò sí ní Accra láyé ìgbà náà. Ohun mìíràn ni ojú náà ń wá. Gómìnà Gordon Guggisberg ló ṣí Korle Bu ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá, 1923. Ibẹ̀ ni Hideyo Noguchi, ọmọ Japan, wá ṣe ìwádìí ibà apọ́njú, ibà náà ló sì pa á ní Accra ní oṣù karùn-ún 1928. Ibùdó ìwádìí ìṣègùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Legon ní 1979 ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ibà, aràn, amíbà, àtọ̀síajá, ikọ́ ẹ̀gbẹ: àwọn ni ilé àyẹ̀wò ń wá kiri, ẹ̀tọ́ sì ni, nítorí àwọn ló ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pinnu pé amíbà ni òun ń wá, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ gbogbo ni yóò máa jọ iṣẹ́ amíbà lójú rẹ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe délẹ̀ pé àrùn òyìnbó ni IBD. Nígbà tí Billinghurst àti Welchman rí ènìyàn mẹ́rin péré tó ní ọgbẹ́ ìfun ńlá ní Ùgáńdà, ó jọ wọ́n lójú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú British Medical Journal ní 1966. Ní 1980, Isidor Segal àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà fi í ṣe àkọlé pé àrùn náà ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó ti pẹ́ ní Kampala, ní àlàyé tirẹ̀ lórí ìdí tí oríṣiríṣi àrùn ìfun fi pọ̀ ní Yúróòpù ju Áfíríkà lọ: oúnjẹ wa ní fáíbà, tiwọn kò ní. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ gbé ìgbẹ́ àwọn ará Áfíríkà àti ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì sórí òṣùwọ̀n, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde nínú Lancet ní 1972. Tiwa ló wúwo jù.

Mo gbà pé àrùn náà kò pọ̀ níbí bíi ti Yúróòpù. Ohun tí n kò gbà ni pé a lè mọ bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó nígbà tí a kò tíì wo inú ìfun. Ọdún 1969 ni William Wolff àti Hiromi Shinya bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rírọ̀ tó ní iná lẹ́nu yẹ gbogbo ìfun ńlá wò ní New York, ó sì pẹ́ gan-an kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó kárí àwọn ilé ìwòsàn ńlá lápá ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó sì kú sílé láàárín ìgbà yẹn, kooko àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ni wọ́n bá lọ.

Ohun tó yẹ kí a dúró lé lórí jù ni bí àwọn mìíràn ṣe mọ ibi tí àrùn náà ń gbé ènìyàn lọ. Ní Oxford, Sidney Truelove àti Leslie Witts kó aláìsàn 210 tó ní ọgbẹ́ ìfun ńlá jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní cortisone, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn irọ́ tó jọ ọ́. Nígbà tí ìròyìn wọn jáde ní 1955, nǹkan bí 41 nínú 100 àwọn tó lo cortisone ni àrùn ti rọlẹ̀ lára wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láàárín àwọn tó lo oògùn irọ́, nǹkan bí 16 ni. Ohun mìíràn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa nínú iṣẹ́ náà wúlò ju oògùn lọ níbi tí owó kò bá sí. Wọ́n ní kí dókítà béèrè iye ìgbà tí aláìsàn ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lóòjọ́. Bó bá ti tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ọkàn rẹ̀ ń lù ju 90 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti gbẹ, ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Títí di òní, ìwọ̀n yẹn ni wọ́n ń lò káàkiri ayé, nọ́ọ̀sì sì lè fi aago ọwọ́, tẹmómítà àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kékeré ṣe é.

Cortisone máa ń pa iná tó ń jó. Kì í ní kó má tún ràn. Oògùn tí Nanna Svartz ṣe ní Sweden, sulfasalazine, ni ìwádìí kan fi hàn ní 1965 pé ó lè dá àrùn náà dúró kó má tètè padà. Láti mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé aláìsàn pẹ́. Edwards àti Truelove tọ ipasẹ̀ ènìyàn 624 tó gbàtọ́jú ní Oxford láàárín 1938 sí 1962. Ní Copenhagen, wọ́n kọ orúkọ ènìyàn 1,161 tí ọgbẹ́ ìfun ńlá mú láàárín 1962 sí 1987 sílẹ̀, wọ́n sì rí i pé ní ọdún yòówù kó jẹ́, nǹkan bí ìdajì wọn ni ara ń tù. Ẹni tó ń ṣàìsàn lọ́dún yìí lè jí pépé lọ́dún tó ń bọ̀. Ní Norway, wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1990. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, nǹkan bí ẹni 10 nínú 100 tó ní ọgbẹ́ ìfun ńlá ni wọ́n ti gé ìfun ńlá wọn kúrò. Ní 2001, Eaden àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀, wọ́n ní ewu jẹjẹrẹ ìfun jẹ́ ẹni 2 nínú 100 lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, 8 lẹ́yìn ogún ọdún, 18 lẹ́yìn ọgbọ̀n. Àwọn ìwádìí tó dé lẹ́yìn wọn rí i pé ewu náà kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ nítorí pé ìtọ́jú ti dára sí i. Bí ẹ bá wò ó, kò sí idán kankan nínú gbogbo èyí. Ìwé orúkọ tí kì í sọnù ni, àti ẹni tó ń pe aláìsàn padà.

Ní Accra, a ti ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 2008, K. N. Nkrumah (kì í ṣe Ààrẹ Kwame Nkrumah o, dókítà inú ni) tẹ ìròyìn jáde nínú Ghana Medical Journal lórí àwọn tó ní IBD ní Korle Bu. Ní 2013, òun àti T. N. Archampong kọ òmíràn sínú West African Journal of Medicine, wọ́n sì fi àkọlé rẹ̀ béèrè ohun tuntun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tiwa ní Nàìjíríà náà kò sùn. Ukwenya àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ tiwọn ní Zaria ní 2011, wọ́n béèrè bóyá àrùn náà ṣì ṣọ̀wọ́n lóòótọ́. Ní 2012, Alatise ti Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn mìíràn kọ̀wé lórí ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní gúúsù Nàìjíríà. Ẹ̀yìn là ń wò nínú irú àwọn ìwé wọ̀nyí: fáìlì tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ṣí. Wọ́n fi hàn láìsí iyèméjì pé àrùn náà wà. Ibi tó gbé ènìyàn dé lẹ́yìn ogún ọdún kò sí nínú fáìlì, nítorí aláìsàn náà ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, ó ti lọ sí Kumasi, tàbí kí ó ti padà sídìí àgbo nígbà tí ara tù ú.

Ìṣòro tó kù wà lára ṣíṣe ìdámọ̀ àrùn náà gan-an. Aláìsàn á mu oògùn tó ń fọ ìfun mọ́ lálẹ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, òru á di ìrìn ilé ìgbẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ti ọ̀pá náà wọlé láti ìdí. Bó bá jẹ́ ọgbẹ́ ìfun ńlá, pupa ni ògiri ìfun máa hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, bí ẹnu ọ̀pá bá sì kàn án díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa sun. Wọ́n á já ẹran tí kò tó hóró ìrẹsì lọ́nà bíi mélòó kan, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fọ́málínì, ó di ọ̀dọ̀ onímọ̀ tó ń fi maikirosíkóòpù wo ẹran ara. Àṣìṣe níbí kì í ṣe kékeré. Amíbà lè dá irú ọgbẹ́ kan náà. Bí wọ́n bá fún ẹni tó ní amíbà ní prednisolone, oògùn ẹbí cortisone, ìfun rẹ̀ lè lu. Ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ìfun sì máa ń mú ibi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, ibẹ̀ gan-an ni Crohn fẹ́ràn jù. Infliximab, abẹ́rẹ́ olówó ńlá tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àrùn Crohn ní 1998, lè jí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó sùn sínú ara. Ìwádìí tó jáde ní 2001 ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Dókítà tó bá kánjú lọ́nà méjèèjì yìí lè pa ènìyàn.

Kí ló dé tí ó fi dà bíi pé àrùn náà ń pọ̀ sí i? Ìwádìí ńlá kan tó jáde nínú Lancet ní 2017 rí i pé ó ń gòkè ní àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà, Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà tí ilé iṣẹ́ ti ń pọ̀, nígbà tí ó ti dúró sójú kan ní ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù. Wọ́n ń fura sí oúnjẹ inú agolo, oògùn kòkòrò tí ọmọdé ń lò láìdábọ̀, àti aràn tí kò sí nínú ìfun mọ́. Ti aràn yìí, ẹ má rẹ́rìn-ín: ní Iowa ní 2005, wọ́n fún àwọn tó ní ọgbẹ́ ìfun ńlá ní ẹyin aràn ẹlẹ́dẹ̀ mu, 13 nínú 30 ni ara wọn yá díẹ̀, láàárín àwọn tó mu omi lásán 4 nínú 24. Ìwádìí tó tóbi ju ìyẹn lọ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fún Crohn kò so èso. Ẹ má torí rẹ̀ dá oògùn aràn àwọn ọmọ yín dúró. Ti ìran náà wà níbẹ̀: ìyípadà tí wọ́n rí lára jíìnì NOD2 ní 2001, tó ń mú kí Crohn tètè mú ará Yúróòpù, ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Síbẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ń ní Crohn, ó sì máa ń le lára ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa fúnra wa, àfi ká wá a.

Èyí tí àwọn ilé ìwòsàn Korle Bu, UCH Ìbàdàn àti Ifẹ̀ lè ṣe pọ̀ kò wọ́n tó abẹ́rẹ́: ìwé orúkọ kan ṣoṣo fún àwọn aláìsàn IBD, nọ́ńbà fóònù ẹbí mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti nọ́ọ̀sì kan tó ń pè wọ́n lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí náà, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń bá ìgbẹ́ yín jáde ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ẹ gbé ìgò àgbo náà sílẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé kí ó wo inú ìfun yín kí ó tó kọ oògùn kankan.