Orin Ọpẹ́ Láti Abẹ́òkúta Dé Lọ́ńdọ̀nù

Bí orin ọpẹ́ Yorùbá bá dún níbi ìnáwo wa, àwọn ọmọ wa a máa pàtẹ́wọ́, wọn a sì jó, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò mọ ohun tí orin náà ń wí. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn baba ńlá wa rí.

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé Abẹ́òkúta ní 1846, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá sí. Ẹ mọ bí èdè wa ti rí. Bí ohùn bá wálẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè, ọwọ́ tí à ń gbé sókè fún ìyìn á di ọwọ̀ tí à ń fi gbálẹ̀! Ta ni yóò fi irú orin bẹ́ẹ̀ dúpẹ́ tọkàntọkàn?

Ọ̀kan nínú àwọn tó wá àtúnṣe sí i ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, tí wọ́n bí ní 1855. Ohùn ilẹ̀ wa ló fi ń kọ orin tirẹ̀, orin ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ kò sì sọnù. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá lè gbọ́ ọ, kó máa kọ ọ́ lọ sóko. Abájọ tí wọ́n fi ń pè é ní àlùfáà olórin. Ní 1922, ó gba orin Yorùbá tó lé ní 40 sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ẹ rò ó wò, kí ọ̀pọ̀ òbí wa tó dáyé ni! Ó kú ní 1930, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wà lára ohun tí British Library pàtẹ ní 2015.

Gbogbo ayé mọ Fẹlá, ọmọ ọmọ rẹ̀. Àwa nọ́ọ̀sì kò jẹ́ gbàgbé ẹ̀gbọ́n Fẹlá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye, dókítà àwọn ọmọdé, tó di mínísítà ìlera Nàìjíríà ní 1985, tó sì tẹnu mọ́ omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru. Ní kílíníìkì aláboyún nílé, orin ni nọ́ọ̀sì máa ń kọ́kọ́ dá kó tó kọ́ àwọn ìyá lẹ́kọ̀ọ́. Ìyá tó bá ìbẹ̀rù wọlé á gbè é, á dúpẹ́ pé òun rí òní, ara á rọ̀ ọ́, etí rẹ̀ á sì ṣí. (Orin kì í ṣe oògùn o. Ẹ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín.) Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohun tó ń kọ. Ibẹ̀ ni agbára orin náà wà.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú orin ọpẹ́ kan wá láti ìlú wọn. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ mú wákà yín wá. Kí ọmọ dá a, kí òbí gbè é, kí ọmọ sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ wá bá wa tọ́mọ, ẹ̀yin ni olùkọ́. A ó wá ẹ̀rọ tí a ó fi gbà á sílẹ̀.