Ìwé Tó Dáhùn Ìbéèrè Rẹ̀

Aago mẹ́fà àárọ̀

Kí èrò Ìdúmọ̀tà tó pé, mo ti to ìwé tí mo ń kọ sórí tábìlì, orí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìtàn àwọn ìdílé tí LEDB, ìgbìmọ̀ tó ń tún Èkó ṣe láyé òyìnbó, wó agbo ilé wọn láàárín Erékùṣù Èkó láti ọdún 1955 ni, àwọn tí wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn lọ sí Sùúrùlérè. Ìbéèrè kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: bí wọ́n bá wó agbo ilé, kí ni ìdílé ń pàdánù yàtọ̀ sí ògiri? Mo kọ ọ́ gàdàgbà sí pépà, mo gbé e síwájú ara mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ìwé náà ti dá a lóhùn.

Aago mẹ́jọ

Mo fi ìbéèrè yẹn wádìí orí kọ̀ọ̀kan. Orí tó sọ̀rọ̀ nípa àjàkálẹ̀ àrùn tí eku kó wọ Èkó ní 1924 yege, torí àrùn yẹn ló bí LEDB ní 1928; ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní lóye ibi tí wọ́n ti rí agbára wó ilé onílé. Orí tí mo kọ lórí eégún Ẹ̀yọ̀ kò yege. Èdè ibẹ̀ dùn ju ti gbogbo ìwé lọ, àmọ́ kò bá ìbéèrè náà ṣe nǹkan kan. Mo yọ ọ́. Ó dùn mí dọ́kàn.

Aago mẹ́wàá

Mo gba ẹ̀gbẹ́ Ìgà Ìdúngánrán lọ sọ́dọ̀ Màmá kan, tí wọ́n wó ilé bàbá wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Mo ka ibi tí mo ti ṣàpèjúwe agbo ilé náà sí wọn létí. Wọ́n dijú, wọ́n ń mi orí, àfi bí wọ́n ṣe nawọ́ lójijì.

“Dúró ná, ọmọ mi. Ta ló ní ẹ̀yìn ilé ni kànga wà? Àárín àgbàlá ni. Kò sí ìyàwó ilé tó lè bá èkejì yan odì dalẹ́, torí ẹ máa pàdé nídìí omi.”

Mo tún un kọ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo ti fi odidi ojú-ìwé mẹ́ta lé kiri, Màmá fi gbólóhùn kan mú un.

Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n sọ bí ọjà ìyá wọn ṣe kú ní Sùúrùlérè, torí àwọn oníbàárà wọn kù sí Erékùṣù Èkó, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè. Ìyẹn ti wà nínú ìwé láti ẹnu ẹlòmíì. Peter Marris, tó wádìí ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1961, rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún sọ ti ogún, ti ìgbéyàwó, ti ọmọ tó lọ òkè òkun. Nígbà tí mo dìde, wọ́n ní, “Kò tíì tán o. Máa bọ̀ lọ́la.”

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ọ̀rọ̀ kànga yí ìwé náà padà. Ìyókù kàn ń fi ẹran kún egungun tó ti dúró ni.

Aago kan ọ̀sán

Mo dé iwájú CSS Bookshop, tó ń jẹ́ CMS Bookshop tẹ́lẹ̀, ní Broad Street. Ilé ìtàwé yìí ló gbé ìwé ìtàn Yorùbá ti Àlùfáà Samuel Johnson jáde ní 1921. Johnson ti parí rẹ̀ láti 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wéjáde kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1899, ó sọnù síbẹ̀. Òǹkọ̀wé kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, ọkọ̀ òkun Appam gbé e. Ọkọ̀ ogun Jámánì kan, Möwe, mú Appam lójú agbami, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó bí ọdún méjì kí ìwé tó dọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, pépà sì ti wọ́n gógó nítorí ogun. Obadiah kú ní 1920, ọdún kan kí ìwé tó jáde.

Sùúrù ni wọ́n sábà máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni. Ẹ̀kọ́ méjì míì ni mo rí nínú rẹ̀. Johnson pààlà: àkọlé ìwé rẹ̀ sọ pé ibi tí ìṣàkóso òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ ni òun máa dúró, ìyẹn ló fi rí ibi gbé kálàmù sílẹ̀ sí bí ayé tilẹ̀ ń yí lọ. Ó sì tọ́jú ẹ̀dà àkọ́kọ́. Láìsí ìyẹn, kí ni àbúrò rẹ̀ ì bá fi ṣiṣẹ́?

Aago mẹ́rin

Ìwé lè parí kó má tíì yẹ ní títẹ̀. Mo pe àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní, “Àbúrò, bá mi yọ tèmi. Ọ̀rọ̀ ilé yẹn ṣì wà ní kóòtù.” Mo yọ ọ́, mo sì tún ìpínrọ̀ náà kà bóyá ẹlòmíì lè fi àpèjúwe dá onítọ̀hún mọ̀. Mo yọ àdúgbò náà pẹ̀lú.

Aago méje alẹ́

Mo fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Ẹ̀dà kan wà nínú fláàṣì lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí ní Sùúrùlérè, òmíràn wà lórí pépà nílé. Mo ṣí fáìlì tuntun fún ohun tí Màmá máa sọ lọ́la, torí òótọ́ ni wọ́n sọ, ìtàn kò tán. Àmọ́ ẹni tó bá ní kí ìtàn Èkó tán kí òun tó tẹ ìwé, àwọn tó yẹ kó kà á ló máa kọ́kọ́ tán.