Ọjà Ìkookò Inú Ìkòkò

Ní Ayétòrò-Èkìtì, tí a bá ń ṣánko ẹ̀yìnkùlé, ọjà ìkookò wà lára ohun tí a máa ń gé dànù. Àfi ìgbà tí etí bá ń dun ọmọdé ni àwọn àgbà máa ń wá a. Ẹnu yà wá nígbà tí a rí ìbátan rẹ̀ nínú ìkòkò aláràbarà lẹ́bàá títì n'Íbàdàn, tí wọ́n ní ká sanwó. Owó kẹ̀!

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1829. Èéfín èédú ń pa gbogbo ewéko tí dókítà kan, Nathaniel Ward, ń gbìn. Lọ́jọ́ kan, ó fi ìdin àfòpiná sínú ìgò pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tútù, ó dé e pa. Ewéko tó ti ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ló hù níbẹ̀, ó ń dán gbinrin, nítorí èéfín ò rí i bá. Ward wá kan àpótí onígíláàsì. Ní 1833, méjì irú rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi dé Sydney, ewéko inú wọn sì yè. Àpótí yìí ni wọ́n fi kó tíì láti Ṣáínà lọ sí Íńdíà. (Òwò ni àbí olè? Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Nígbà tó fi máa di 1903, ewé Áfíríkà tiwa yìí ti wà ní Íńdíà: inú ìwé ewéko Bengal ni David Prain ti sọ ọ́ ní Sansevieria trifasciata. Ní 2017, wọ́n tún sọ ọ́ di Dracaena. Ẹ̀yìnkùlé wa ò gbọ́.

Ní 1989, NASA ní ó ń fa gáàsì olóró kúrò nínú afẹ́fẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú àpótí tí wọ́n dé pa ni wọ́n ti dán an wò. Àyẹ̀wò tó jáde ní 2019 fi hàn pé fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀ sàn jù ú lọ fíìfíì. Ẹ̀yin tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ yàrá, ewé ò lè gbà yín o. Ẹ gbé e jìnnà!

Àwa náà ra ọ̀kan. A ń bomi rin ín lójoojúmọ́ bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ló bá jẹrà nídìí. A gbé e délé, ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ló ń bomi rin ín lẹ́yìnkùlé?" Òru ló máa ń ṣí ihò ara rẹ̀ láti mí, ìdí nìyẹn tí omi kì í fi í tètè tán lára rẹ̀. Ní báyìí, a máa ń jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ gbẹ dáadáa. Tí ọyẹ́ bá dé, a máa ń fi àkísà tútù nu eruku ojú ewé kí ìmọ́lẹ̀ lè ráàyè wọlé, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e nísàlẹ̀ kó má baà ṣẹ́. A kì í fi òróró kùn ún.

Ìyá àgbà gé ewé mẹ́ta tí kò tíì jẹrà, ó jẹ́ kí ojú egbò wọn gbẹ, ó rì wọ́n sínú yanrìn. Méjì ti ta gbòǹgbò.