Òkun Níwájú, Ọ̀sà Lẹ́yìn: Ìtàn Ìjì Líle ní Erékùṣù Galveston, 1818 sí 2008

Ìfáárà

Galveston jẹ́ erékùṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní etí òkun ìpínlẹ̀ Texas, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 43, ṣùgbọ́n ibi tí ó fẹ̀ jù kò ju kìlómítà 5 lọ. Iyanrìn ni gbogbo rẹ̀. Kò sí òkè, kò sí àpáta. Òkun Gulf ti Mẹ́síkò wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà ńlá kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó yà á kúrò lára ilẹ̀ Texas. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Houston, tí ibẹ̀ kò jìnnà sí wọn ju nǹkan bíi kìlómítà 80 lọ, mọ̀ ọ́n sí ibi ìgbafẹ́ òpin ọ̀sẹ̀. Lórí iyanrìn yìí kan náà ni àjálù àdáyébá tí ó pa ènìyàn jù lọ nínú ìtàn Amẹ́ríkà ti ṣẹlẹ̀.

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ àwọn ìjì líle tí ó ti kọlu erékùṣù náà wò láti ọdún 1818 títí di 2008. Kókó méjì ni a fẹ́ fi ìdí wọn múlẹ̀. Èkíní ni pé ìjì tí ó ti kọjá ni àwọn ará Galveston sábà máa ń múra dè, tí omi sì máa ń gba ibi tí wọn kò dí wọlé. Èkejì ni pé ìjì a máa kọlu gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó bá fi sílẹ̀ kì í wúwo lórí gbogbo ará ìlú bákan náà.

Ibi tí ìjì ti ń wá

Púpọ̀ nínú àwọn ìjì yìí, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni wọ́n ti ń gbéra. Ní àkókò òjò, rúkèrúdò afẹ́fẹ́ máa ń rìn láti orí ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí ìwọ̀-oòrùn, á sì bọ́ sórí Òkun Àtìláńtíìkì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń tú ká lójú omi. Díẹ̀ tí ó bá bá omi gbígbóná pàdé, tí afẹ́fẹ́ òkè kò sì fà ya, ni í di ìjì líle. Rúkèrúdò tí ó di ìjì Ike ní 2008 kúrò ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹjọ. Ó lo ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kí ó tó dé Galveston.

Afẹ́fẹ́ ni à ń gbọ́ ariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n omi ni olórí apànìyàn. Bí ìjì ti ń bọ̀ ni ó ń ti omi òkun síwájú. Níwọ̀n ìgbà tí omi etíkun Texas kò jìn, omi tí a tì yìí kò ríbi wọ̀ nísàlẹ̀, orí ilẹ̀ ni yóò gùn. Erékùṣù tí ó sì ní ọ̀sà lẹ́yìn ní ewu kejì: omi tí ìjì bá ti wọ inú ọ̀sà lè yí padà kí ó gba ẹ̀yìn wọ ìlú.

Ìkìlọ̀ tí a kò kà sí

Àwọn Karankawa ni wọ́n ti ń pẹja tí wọ́n sì ń ṣọdẹ lórí erékùṣù yìí kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí Jean Lafitte, olè ojú òkun, fi ibẹ̀ ṣe ibùdó, ìjì kan ní 1818 ba àwọn ọkọ̀ àti ilé rẹ̀ jẹ́. Òmíràn tún jà ní 1837. Síbẹ̀, wọ́n fi òfin dá ìlú Galveston sílẹ̀ ní 1839, nítorí pé èbúté rẹ̀ dára. Òwú Texas ni ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀ ti kéde òmìnira àwọn ẹrú Texas ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹfà, ọdún 1865, ọjọ́ tí a ń ṣàjọyọ̀ rẹ̀ títí di òní ní Juneteenth.

Ìkìlọ̀ tí ó ṣe kedere jù lọ wá láti Indianola, ìlú èbúté mìíràn ní etíkun Texas kan náà. Ìjì wó o ní 1875, wọ́n tún un kọ́. Ìjì mìíràn wó o ní 1886, wọ́n fi í sílẹ̀ pátápátá. Àwọn ará Galveston rí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa kíkọ́ ògiri létí òkun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kọjá ẹnu. Ní 1891, Isaac Cline, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ojú-ọjọ́ ìjọba ní Galveston, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìlú náà pé ẹ̀rù tí kò nídìí ni ti ẹni tí ó bá rò pé ìjì lè pa Galveston run. Yorùbá ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ogun Galveston jẹ́ ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbọ́n ni wọ́n sọ pé kò ní í dé.

Ọjọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1900

Ní ọdún 1900, nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì ènìyàn ni ó ń gbé ìlú náà. Ilẹ̀ tí ó ga jù níbẹ̀ kò pé ẹsẹ̀ bàtà 9 sí ojú òkun. Ìjì tí ó ń bọ̀ ti kọ́kọ́ gba Kúbà kọjá. Àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ní Havana sọ pé ó ń lọ sí inú òkun Gulf. Àjọ Ojú-Ọjọ́ Amẹ́ríkà sọ pé yóò yí sí Florida. Amẹ́ríkà ni ó ń ṣàkóso Kúbà nígbà náà, àjọ náà sì ti mú kí ìjọba dí ọ̀nà wáyà mọ́ ìròyìn ìjì láti ọwọ́ àwọn ará Kúbà. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́.

Omi tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ ni ó wọ ìlú tí kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9. Òkun wá láti iwájú, ọ̀sà wá láti ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì sì pàdé ní àárín ìlú. Gbogbo afárá tí ó so erékùṣù mọ́ ilẹ̀ Texas ni ó wó. Igi àti pákó ilé tí ó kọ́kọ́ wó di òòlù lọ́wọ́ ìgbì, tí ó fi ń wó ilé tó tẹ̀ lé e. Nǹkan bíi ilé 3,600 ni ó parun. Iye òkú kò ṣe é mọ̀ ní pàtó: àwọn òpìtàn fi í sí àárín 6,000 sí 12,000, 8,000 ni wọ́n sì sábà máa ń pè é.

Ní ilé àwọn ọmọ òrukàn St. Mary's, tí ó wà létí òkun gan-an, àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì mẹ́wàá ni ó ń tọ́jú ọmọ mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Nígbà tí omi ń gun àjà, wọ́n gé okùn ìsáṣọ, oníkálukú wọn so òpin kan mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó sì fi ìyókù so ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ pọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ilé náà wó. Àwọn ìyá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kú pẹ̀lú àádọ́rùn-ún ọmọ. Ọmọkùnrin mẹ́ta péré ni ó rí igi dì mú. Nígbà tí wọ́n rí òkú àwọn ìyá náà nínú iyanrìn, okùn náà ṣì wà ní ìbàdí.

Ìwà Cline lọ́jọ́ náà ṣì ń fa àríyànjiyàn. Ó sọ pé òun wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lọ sí etíkun láàárọ̀ láti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn. Erik Larson, nínú ìwé Isaac's Storm (1999), kò gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tán. Lójú tiwa, bí Cline tilẹ̀ kìlọ̀, ìkìlọ̀ wákàtí díẹ̀ kò lè tún ohun tí ó kọ ní 1891 ṣe. Ìjì náà pa ìyàwó Cline fúnra rẹ̀, pẹ̀lú oyún nínú.

Lẹ́yìn ìjì, wọ́n fi ìbọn lé àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú síwájú kí wọ́n kó òkú sínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n da àwọn òkú náà sínú òkun, òkun sì dá ọ̀pọ̀ wọn padà sí etíkun, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun wọ́n. Àwọn aláwọ̀ dúdú kan náà yìí ni àwọn ìwé ìròyìn káàkiri Amẹ́ríkà pè ní olè tí ń jí ẹrù òkú.

Ògiri òkun àti ìlú tí a gbé sókè

Onímọ̀ ẹ̀rọ mẹ́ta, Henry M. Robert, Alfred Noble àti H. C. Ripley, ni ìlú náà pè láti dá àbá. Àbá wọn pín sí méjì. Èkíní ni ògiri kọnkéré tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 17, tí ojú rẹ̀ tẹ̀ sínú kí ó lè da ìgbì padà sókè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1902, wọ́n sì parí apá àkọ́kọ́, tí ó ju máìlì 3 lọ, ní 1904.

Èkejì ni ó yani lẹ́nu jù: wọ́n gbé ìlú náà fúnra rẹ̀ sókè. Wọ́n la odò kan gba àárín àdúgbò, ọkọ̀ tí ń fa iyanrìn á wọlé, á sì máa pọ iyanrìn olómi sí abẹ́ ilé tí wọ́n ti fi jáàkì gbé sókè. Ilé tí ó ju 2,000 lọ ni wọ́n gbé báyìí, títí kan ṣọ́ọ̀ṣì St. Patrick's, tí ìwúwo rẹ̀ tó 3,000 tọ́ọ̀nù, tí wọ́n fi jáàkì 700 gbé ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Láti nǹkan bíi 1903 títí di 1911, orí pákó ni àwọn ará ìlú ń gbà láti ojúlé dé ojúlé. Igi àti ọgbà kú lábẹ́ iyanrìn oníyọ̀. Ìjọba sanwó iyanrìn, ṣùgbọ́n onílé ni ó ń sanwó gbígbé ilé tirẹ̀.

Àtúnṣe kẹta jẹ́ ti ìṣèlú. Ìlú náà pa ètò aṣojú àdúgbò tì, ó sì fi ìgbìmọ̀ tí gbogbo ìlú ń dìbò yàn pọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà ni ó fi èyí ṣe àwòkọ́ṣe. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ètò àdúgbò ni ó gbé Norris Wright Cuney, ọmọ aláwọ̀ dúdú, wọ ìgbìmọ̀ ìlú ní 1883. Ètò tuntun náà ti ilẹ̀kùn yẹn.

Ìdánwò, 1915 sí 1983

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1915, ìjì tí agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti 1900 dé. Ògiri dúró. Ó pa nǹkan bíi 275 ènìyàn ní gbogbo agbègbè náà, àwọn tí ògiri kò dáàbò bò sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àṣeyọrí ńlá ni èyí jẹ́, ó sì fi ọkàn ìlú balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ ajé ti ń kó lọ: ní 1914, Houston ṣí ọ̀nà omi tí ó ń gbé ọkọ̀ ńlá wọ inú ilẹ̀, níbi tí ìjì kò ti le tó bẹ́ẹ̀.

Ìjì oṣù Keje 1943 bá àwọn ènìyàn lójijì, nítorí pé ìjọba fòfin de ìròyìn ojú-ọjọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì má baà gbọ́. Ìjì yìí náà ni awakọ̀ òfurufú kan, Joe Duckworth, wa bàálù wọ inú rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjì Carla dé ní 1961, Alicia ní 1983. Ògiri ti gùn tó nǹkan bíi máìlì 10 nígbà náà, ṣùgbọ́n apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù kò ní ògiri, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń kọ́lé síbẹ̀.

Ike, 2008: omi gba ẹ̀yìn

Ní 2005, nígbà tí ìjì Rita ń bọ̀, àwọn tí ó kú lójú ọ̀nà nígbà ìsákúrò ju ọgọ́rùn-ún lọ, ìjì náà sì yà sí ibòmíràn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló rántí èyí nígbà tí wọ́n kọ̀ láti kúrò fún Ike.

Ike dé ní òru ọjọ́ 13, oṣù Kẹsàn-án. Agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ju ipele kejì nínú márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbòòrò, omi tí ó tì sì pọ̀ ju ohun tí ipele yẹn ń sọ. Ògiri dá òkun dúró. Omi wọ ọ̀sà, ó gba ẹ̀yìn, ó sì bo ilé ìtajà àti ilé gbígbé ní àárín ìlú. Omi iyọ̀ pa nǹkan bíi ẹgbàá ogún igi, pẹ̀lú àwọn igi óákù tí wọ́n gbìn lẹ́yìn 1900. Àwọn oníṣẹ́ ọnà gbẹ́ ère sára àwọn kan nínú kùkùté wọn. Wọ́n wó ilé ìjọba tí ó ju 500 lọ, níbi tí àwọn tálákà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ń gbé, àríyànjiyàn sì falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí bóyá kí wọ́n tún wọn kọ́. Iye ará ìlú, tí ó ju 57,000 lọ ní 2000, kò pé 48,000 mọ́ ní 2010.

Ìkádìí

Omi ń ga sí i ní Galveston ní ohun tí ó ju mílímítà 6 lọ lọ́dún, nítorí pé òkun ń gòkè, ilẹ̀ náà sì ń rì. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ tí wọ́n fojú bù sí bílíọ̀nù dọ́là 34: ilẹ̀kùn ńlá ní ẹnu ọ̀sà, òkìtì iyanrìn létí òkun, àti odi tí yóò yí ìlú náà ká láti ẹ̀yìn.

Odi ẹ̀yìn yìí ni ó yẹ kí ó gbapò iwájú, nítorí òun nìkan ni ó dáhùn ẹ̀kọ́ Ike tààrà, ẹ̀yìn náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí kò lówó ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Houston àti agbègbè rẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ ra ilé sí erékùṣù náà, ẹ má ṣe béèrè bí ó ti súnmọ́ òkun tó nìkan. Ẹ béèrè bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti ga tó, àti ibi tí omi gbà wọlé ní 2008.