Oúnjẹ Ẹ̀mí Nínú Bíbélì, Láti Aginjù Sínì Dé Kétu àti Ọjọ́ta

Ebi ni ìtàn oúnjẹ ẹ̀mí ti bẹ̀rẹ̀ nínú Bíbélì, ebi tó ń pa ikùn gan-an. Nínú Ẹ́kísódù orí 16, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti kúrò ní Íjíbítì, wọ́n dé aginjù Sínì, oúnjẹ tán, wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ ìkòkò ẹran tí wọ́n fi sílẹ̀ lóko ẹrú. Ìgbà náà ni mánà bọ́. Òṣùwọ̀n ómérì kan ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹni tó bá fi tòní pamọ́ de ọ̀la, ìdin á ti bò ó kí ilẹ̀ tó mọ́, àfi ní ọjọ́ kẹfà, tí wọ́n ń kó ìlọ́po méjì sílẹ̀ de ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tó ń ta tòmátò ní ọjà Máìlì 12 ní Èkó yóò tètè gbọ́ ìtàn yìí yé: apẹ̀rẹ̀ tó wọ ọjà láti òkè Ọya tí kò tà lónìí, ojú tí oníbàárà máa fi wò ó lọ́la yàtọ̀.

Ìgbà tó pẹ́ lẹ́yìn náà ni Mósè ṣàlàyé ohun tí mánà dúró fún. Ó sọ nínú Diutarónómì orí 8 pé Ọlọ́run kọ́kọ́ jẹ́ kí ebi pa wọ́n, lẹ́yìn náà ló fi mánà bọ́ wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé oúnjẹ nìkan kò tó láti gbé ènìyàn ró, pé ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu Ọlọ́run jáde wà lára ohun tó ń dá ẹ̀mí sí. Ẹ wo bó ṣe tò ó: ebi ṣáájú, oúnjẹ tẹ̀lé e, ẹ̀kọ́ gbẹ̀yìn. Nígbà tí Jésù tún ọ̀rọ̀ yìí sọ fún Èṣù nínú Mátíù orí 4, ó ti gba ààwẹ̀ ogójì ọjọ́. Ẹni tí ebi ń pa ló ń sọ ọ́. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àṣìlò tó wọ́pọ̀ jù lọ fún ẹsẹ yìí ni kí ẹni tó ti yó máa kà á sétí ẹni tí kò tíì jẹun.

Àwọn wòlíì ló wá sọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ di ohun jíjẹ. Ámósì kìlọ̀ pé ìyàn kan ń bọ̀ tí kì í ṣe ti oúnjẹ tàbí omi, ìyàn gbígbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Jeremáyà ní òun rí ọ̀rọ̀ náà, òun sì jẹ ẹ́. Ìsíkíẹ́lì, tó wà láàárín àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì, rí ọwọ́ kan tó na ìwé kíká sí i, ìwé tó kún fún ẹkún àti ọ̀fọ̀. Ó jẹ ẹ́, ó sì dùn bí oyin lẹ́nu rẹ̀. Jòhánù náà jẹ ìwé kan nínú Ìfihàn orí 10. Tirẹ̀ dùn lẹ́nu, àmọ́ nígbà tó dé ikùn, ó korò. Ìwé méjèèjì ló dùn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí èyí tí ohun tó wà nínú rẹ̀ rọrùn.

Jòhánù orí 6 ni gbogbo okùn yìí ti pàdé. Jésù fi ìṣù àkàrà báálì márùn-ún àti ẹja méjì bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin, agbọ̀n méjìlá sì ṣẹ́ kù. Ọjọ́ kejì, ní Kápánáúmù, ló tó sọ fún wọn pé òun fúnra òun ni oúnjẹ ìyè. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ẹsẹ 35 ti fo oúnjẹ tí wọ́n jẹ lánàá, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ yẹn ló bí ọ̀rọ̀ náà. Ẹsẹ 66 sì sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn padà lẹ́yìn rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ṣòro fún àwọn tó fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bó bá ṣòro fún wa.

Àmì inú Bíbélì kì í sì í dúró lójú kan. Nínú Kọ́ríńtì kìíní orí 3 àti Hébérù orí 5, wàrà ni oúnjẹ àwọn tó yẹ kí wọ́n ti dàgbà, tí wọn kò dàgbà, ìbáwí ni. Nínú Pétérù kìíní orí 2, wàrà kan náà ni ohun tí gbogbo onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ máa pòǹgbẹ fún bí ọmọ tuntun. Ìwúkàrà dára nínú Mátíù orí 13, ó di ohun ìṣọ́ra ní orí 16. Nítorí náà, àwọn ìwé tó ń pín ìtumọ̀ fún àmì kọ̀ọ̀kan bí ìwé àlá, wàrà dúró fún èyí, oyin dúró fún ìyẹn, máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Orí tí ọ̀rọ̀ wà ló ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Clement àti Origen kọ̀wé lórí wàrà àti oúnjẹ líle ní Alẹkisáńdíríà. Ní Kátéèjì, Tertullian jẹ́rìí pé wọ́n máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi ní wàrà àti oyin tọ́ wò. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlùjéríà lónìí, tó kú ní 430, kọ́ni pé ẹni tó gbàgbọ́ ti jẹ oúnjẹ náà. Ní 1529, àwọn alátùn-únṣe ìjọ, Luther àti Zwingli, jókòó ní Marburg ní Jámánì lórí bóyá ara Kristi wà nínú búrẹ́dì Oúnjẹ Olúwa. Zwingli di Jòhánù 6:63 mú, Luther fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ Jésù pé èyí ni ara òun sórí tábìlì. Wọn kò fohùn ṣọ̀kan, ìyapa náà sì wà láàárín àwọn ìjọ títí dòní.

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Samuel Àjàyí Crowther àti Henry Townsend dé Abẹ́òkúta ní 1846, àwọn tí wọ́n wàásù fún ti mọ̀ pé oúnjẹ ń sọ̀rọ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ, oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti omi ni a fi ń wúre fún ọmọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àdúrà tirẹ̀. Títí dòní, pásítọ̀ ń fi oyin kan ọmọ lẹ́nu nílé onígbàgbọ́. Bí ẹnì kan bá sọ fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ pé wòlíì kan jẹ ìwé tó dùn bí oyin, wọn ò ní bi í léèrè pé báwo. Iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá tí Crowther darí parí ní 1884.

Ohun tí wọn kò jẹ mọ́ ló fa wàhálà. Àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ kò bá ará ilé ṣe ètùtù mọ́, ní 1849 sì ni inúnibíni dé bá wọn ní Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú Ìfihàn orí 2. Ìjọ Págámù ni Jésù bá wí pé àwọn kan láàárín wọn ń jẹ ohun tí a fi rúbọ sí òrìṣà. Ìjọ yẹn kan náà ló ṣèlérí mánà tó pamọ́ fún. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ kan sílẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́, oúnjẹ míì ń dúró dè é.

Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run wá, tí olú ìjọ rẹ̀ lágbàáyé wà ní Kétu, níhìn-ín ní Kòsọ́fẹ́ ní Èkó, di òfin yìí mú: ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ọtí àti ohun tí a fi rúbọ sí òrìṣà jẹ́ èèwọ̀ fún wọn. Ìtàn ìjọ náà sọ pé ní 1947, Samuel Oschoffa tó dá a sílẹ̀, káfíńtà ará Pọ̀tọ̀-Nóvò tó ń wá igi lọ, sọnù sínú igbó fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, tó sì jẹ́ pé oyin àti omi ló ń jẹ, ó ń gbàdúrà, ó ń ka Bíbélì. Oyin tún rèé. Èso ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ náà fi ń dúpẹ́ níwájú pẹpẹ, wọ́n á sì pín in jẹ lẹ́yìn ìsìn. Àwọn kan ń fojú kékeré wo èyí. Èmi rí i pé ó sún mọ́ Jòhánù orí 6 ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ, nítorí àdúrà àti ohun jíjẹ kò pínyà níbẹ̀.

Ìwé àṣàrò ojoojúmọ́ ló wá gba orúkọ mánà lẹ́nu ará Èkó. Ìjọ Deeper Life, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973 láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ 15 tí W. F. Kumuyi, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, ń kọ́ ní Bíbélì, ń tẹ Daily Manna. Chris Kwakpovwe ń tẹ Our Daily Manna. Open Heavens ni ti E. A. Adeboye. Ojú ìwé kan fún ọjọ́ kan, bí ómérì kan fún ọjọ́ kan, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá rí ẹni tó ń ka tirẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ewu rẹ̀ ni pé ẹsẹ tí a gé kúrò nínú orí rẹ̀ máa ń gbàgbé ẹni tí ebi ń pa níbẹ̀, ìwé tó sì ń dùn lẹ́nu lójoojúmọ́ láìkorò rí nínú ikùn kì í ṣe irú èyí tí Jòhánù jẹ.

Ní oṣù kìíní 2012, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jálá epo fò láti náírà 65 sí náírà 141, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ sì gbéra. Láti ọjọ́ 9 oṣù náà, èrò tó ń fẹ̀hónú hàn kún Pápá Gani Fawehinmi ní Ọjọ́ta. Lára àwọn tó ṣáájú wọn ni pásítọ̀ kan, Tunde Bakare, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Save Nigeria Group. Àwọn kan bínú pé iṣẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run kò dé ibẹ̀. Àmọ́ Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, nínú Kọ́ríńtì kìíní orí 11, sọ fún ìjọ kan pé ohun tí wọ́n ń jẹ kì í ṣe Oúnjẹ Olúwa, nítorí ebi ń pa ẹnì kan nídìí tábìlì kan náà tí ẹlòmíì ti ń mu àmupara. Jákọ́bù náà béèrè ní orí 2 pé èrè wo ló wà nínú kí a sọ fún ẹni tí kò ní oúnjẹ òòjọ́ pé kó máa lọ ní àlàáfíà, kó sì yó. Kò sí àkàwé kankan nínú oúnjẹ tí Jákọ́bù ń sọ yẹn.