Kí ni aláyẹ̀wò ń wò nílé ẹni tó ń gba ọmọ tọ́jú ní England?

Nílẹ̀ Yorùbá, bí wolé-wolé bá dé, ìkòkò omi, gọ́tà àti ṣáláńgá ló máa ń yẹ̀ wò. Ní England, irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ wà fún ilé àwọn tó ń gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́jú fówó, tí wọ́n ń pè ní childminder. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí, wọ́n sì wà lára àwọn òbí tó ń gbé ọmọ lọ síbẹ̀.

Ta ló gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀?

Òfin ìtọ́jú ọmọdé ti ọdún 2006 kan ẹnikẹ́ni tó bá ń gbowó tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 nílé ara rẹ̀, tó bá ti ju wákàtí 2 lọ lójúmọ́. Ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ofsted, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò iléèwé, tàbí lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ childminder tí Ofsted fọwọ́ sí.

Òfin yìí kò mú ìyá àgbà tó ń tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àmọ́ kéèyàn máa pe ọmọ aládùúgbò ní "ọmọ àbúrò mi" kò yọ ọ́ nínú ẹ̀. Ofsted lè kọ ìwé sí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ pé kó dáwọ́ dúró. Tó bá tún ń ṣe é lọ láìnídìí, ó di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ nìyẹn.

Kí ni wọ́n ń wò?

Kí ìwé ẹ̀rí tó jáde, aláyẹ̀wò á dé ilé ọ̀hún. Gbogbo ẹni tó ti pé ọdún 16 tó ń gbé níbẹ̀ ni wọ́n máa wádìí bóyá ó ti dáràn rí: ọkọ, ọmọ tó ti dàgbà, títí kan ayálégbé.

Lẹ́yìn náà ló kan ilé fúnra rẹ̀: ẹ̀rọ tó ń pariwo bí èéfín bá rú, ọ̀nà àbájáde bí iná bá ṣẹ́ yọ, oògùn àti kẹ́míkà ìfọlé tí ọwọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ tó, àti ibi tí ọmọ ń sùn. Olùtọ́jú gbọ́dọ̀ ní adójútòfò àti ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì ọmọdé, ìyẹn ẹ̀kọ́ wákàtí 12 tí wọ́n ń tún ṣe ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ọmọ bá ń jẹun, ojú gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, torí oúnjẹ lè há a lọ́fun.

Ọmọ mélòó?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ 6 tí kò tíì pé ọdún 8 ni ẹnì kan lè tọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 5 nínú wọn kò gbọdọ̀ ju 3 lọ, ẹyọ kan péré ló sì lè jẹ́ ìkókó tí kò tíì pé ọdún 1. Wọ́n máa ka ọmọ olùtọ́jú fúnra rẹ̀ mọ́ wọn.

Ẹgba ńkọ́?

Childminder kò gbọdọ̀ na ọmọ, kò sì gbọdọ̀ fi nínà halẹ̀ mọ́ ọn. Bí òbí bá tiẹ̀ ní, "Ẹ bá mi nà án," òfin kò gbà á.

Kí ni òbí lè ṣe?

Kí òbí tó fi ọmọ sílẹ̀, kó ní kí wọ́n fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ han òun. Èsì àyẹ̀wò Ofsted náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti kà lọ́fẹ̀ẹ́. Tí owó ẹnì kan bá wá kéré ju ti gbogbo àdúgbò lọ, tí kò sì níwèé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìdí.