Ilé Iṣẹ́ Dáínámáìtì Kọ́ Ló Bí Oògùn Abẹ́ Ahọ́n

Ìtàn kan gbajúmọ̀ nípa nitroglycerin, hóró oògùn kékeré tí alárùn ọkàn ń fi sábẹ́ ahọ́n nígbà tí àyà bá gbá a mú. Wọ́n ní Alfred Nobel ló ṣe é, pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi í po dáínámáìtì ló ṣàkíyèsí pé àyà kì í dùn wọ́n lẹ́nu iṣẹ́, àfi lópin ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ làwọn dókítà sì ti rí oògùn. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ.

Ascanio Sobrero, ará Ítálì, ló ṣe nitroglycerin ní Turin lọ́dún 1847. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kí Nobel tó gba ìwé àṣẹ lórí dáínámáìtì. Sobrero fi díẹ̀ kan ahọ́n, orí sì fọ́ ọ gidigidi. Lọ́dún 1858, Alfred Field, dókítà ní Brighton, tọ́ ọ wò, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Àwọn mìíràn tọ́ ọ, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan.

William Murrell, dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, ló parí àríyànjiyàn náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń dá àwọn aláìsàn lóhùn, ìgò nitroglycerin tí wọ́n ti là kó má baà le jù wà lápò rẹ̀. Ó fi ìdérí ìgò tó tutù kan ahọ́n. Aláìsàn kan wọlé, Murrell sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ìgò. Kò tíì bi onítọ̀hún ní ìbéèrè mẹ́fà tí orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Ó tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì fi dán èèyàn 35 mìíràn wò.

Ṣáájú ìgbà yẹn, Lauder Brunton, dókítà ní Edinburgh, ti fi hàn lọ́dún 1867 pé amyl nitrite tí aláìsàn bá fà símú ń jẹ́ kí ìrora àyà rọlẹ̀. Nígbà tí Murrell fi ẹ̀rọ wo bí iṣan ọwọ́ ṣe ń lù, ó rí i pé iṣẹ́ amyl nitrite àti ti nitroglycerin jọra. Ó wá fún àwọn tí àyà ń dùn ní nitroglycerin, ó sì kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Lancet lọ́dún 1879.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìtàn ilé iṣẹ́ o. Orí máa ń fọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà ní Mọ́ńdè, torí ara tó ti mọ́ nitroglycerin láàárín ọ̀sẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ti àyà tó ń dùn wọ́n nígbà tí wọn ò bá sí níbi iṣẹ́, ọ̀rúndún ogún làwọn dókítà tó kọ ọ́ sílẹ̀, oògùn ti wà tipẹ́. Nobel fúnra rẹ̀, aláìsàn tí wọ́n ní kó lò ó ló jẹ́, lọ́dún 1896 tó kú.

Àwọn tó fi ahọ́n tọ́ ọ ló kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó. Ẹnu ló ti ń yára wọ ẹ̀jẹ̀. Tí a bá gbé e mì, ẹ̀dọ̀ á ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́. Ó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí orí fi ń fọ́ni, tí òòyì sì lè kọ́ni. Nítorí náà, kí ẹni tí dókítà kọ ọ́ fún jókòó kó tó lò ó. Bí ìrora kò bá rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn yá. Ẹni tó bá sì ti lo Viagra kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, torí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí ẹ̀mí yóò fi bọ́.